Igbá Tí Ó Ń Ka Òjò

Ajá náà ti gbó lẹ́ẹ̀mejì kí Àyọ̀ká tó gbé orí sókè. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí yóò jẹ́ lẹ́tà ṣ, ó sì ń fi sanpépà fá a lórí itan. Èèpo àgbọn kì í gba ìkánjú. Tí ènìyàn bá fi agbára fá a, á là sí méjì, a ó sì tún fọ́ àgbọn mìíràn. Àyọ̀ká kì í fọ́ àgbọn méjì fún iṣẹ́ àgbọn kan.

"Ẹ̀gbọ́n! Àwa la dé o. Ẹ kú iṣẹ́."

Lámidì ni, Olùṣọ́ Ike àdúgbò náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò awọ léjìká, ajá rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ajá yìí kò ní irun, kò ní ìrù. Ó tóbi tó bàtà àgbà ọkùnrin, irin ni gbogbo ara rẹ̀, kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ló fi ń rìn, imú rẹ̀ sì gùn bíi ti asín. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìjọba rán an wá sáyé: kó gbóòórùn ike, kó sì gbó.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olùṣọ́," ni Àyọ̀ká dáhùn. "Kí ni ajá yín ń gbó sí? Kò sí ike níbí. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ fún yín."

"Kì í ṣe ike ló ń gbó sí, ó ń kí yín ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìkíni kún ẹ̀kọ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá ni." Lámidì bọ́ bàtà, ó wọlé. "Ìsán ti pé. Mo wá yẹ ẹ̀rọ Ìyá Olójò wò."

Àyọ̀ká gbé bọ́tìnnì sílẹ̀. "Ọ̀la ni."

"Òní ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀la ni mo wí. Ẹ wo ara ògiri."

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ lára ògiri náà. Ẹfun ló fi ń kọ ọ́. Àmì tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan rí róbótó bí òrùka, àmì gbọọrọ kan ló sì tẹ̀lé e fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àyọ̀ká dìde, ó fi ìka lé òrùka tó wà lórí ìlà Ìyá Olójò.

"Ọjọ́ òfo nìyí, ọjọ́ tí mo kó ike ẹ̀rọ náà fún yín. Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Ó ń fi ìka bọ́ síwájú títí ó fi dé òpin. "Ẹ̀jọ. Òní ni ẹ̀jọ. Ọ̀la ni ẹ̀sán. Ìsán sì ni òfin wí."

Lámidì wo ògiri, ó wo Àyọ̀ká, ó tún wo ògiri. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì di òpó ilé mú.

"Ọjọ́ òfo! Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé oòrùn ò yọ lọ́jọ́ náà ni? Ẹ ò jẹun? Ọjọ́ tí wọ́n bí yín ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n, ṣé òfo lòun náà? Á jẹ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n sọ yín lórúkọ nìyẹn!"

"Bí a ṣe ń kà á lẹ́nu iṣẹ́ wa nìyẹn."

Òtítọ́ ló sọ. Lẹ́tà ni Àyọ̀ká fi kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà àtijọ́. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ọ mọ́, a kò sì gbọdọ̀ ṣí ẹ̀rọ àyálò tí gbogbo ènìyàn ń lò báyìí wo inú rẹ̀, nítorí náà àwọn àgbà díẹ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́nu iṣẹ́ náà a máa kọ ẹ̀kọ́ sórí ìwé, wọn a sì fi rán ọkọ̀ tí ń rìn lórí okùn láti ìlú dé ìlú. Ohun tó wà nínú lẹ́tà kejì ni pé nínú kọ̀ǹpútà, yàrá àkọ́kọ́ kì í ṣe yàrá kìíní. Yàrá òfo ni. Ó ti lé lógún ọdún tí Àyọ̀ká ti ń ka nǹkan báyẹn. Pákó mẹ́rin ni ó kàn mọ́ ògiri láti kó ẹrù sí, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ó ń pè ní pákó òfo. Kíkà bẹ́ẹ̀ kò tíì pa ẹnikẹ́ni lára rí, torí pé kì í jẹ́ kí iṣẹ́ kan lo ọjọ́ mẹ́fà lọ́wọ́ òun. Èyí nìkan ló pẹ́.

Lámidì nu ojú. "Àwọn ọlọ́jà ló bá ìjọba kọ Òfin Ike, Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe àwọn oníkọ̀ǹpútà. Láti ọjà dé ọjà ni ìsán wọn. Ọjọ́ ọjà lẹ kó ike wá. Ẹ wá tẹ́tí sílẹ̀."

Àyọ̀ká tẹ́tí. Ó gbọ́ ariwo ọjà láti ìsàlẹ̀ òkè, ó gbọ́ agogo àwọn tó ń ta korobá onípáànù, ó gbọ́ ewúrẹ́. Láti ìdájí ni ariwo yìí ti ń wọlé tọ̀ ọ́ wá, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó jẹ́.

Kò ṣe àwáwí. "Ìṣirò tèmi ló ṣì," ni ó wí.

Ẹ̀rín kúrò lójú Lámidì. "Ṣé ó ti tán?"

"Ó ku díẹ̀."

"Ẹ mọ òfin. Ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ike. Inú ilé tuntun tí ẹ kọ sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà ló gbọdọ̀ wà, igbá ìyàwó lẹ sì kọ. Ó gbọdọ̀ tàn, kó sì dá ẹni tó ni ín lóhùn. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́ta..."

"Wọ́n á yọ́ ọ ní Ilé Yíyọ́. Mo mọ̀ ọ́n."

"Kì í ṣe pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ o." Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mo ní ilé mẹ́ta tí mo máa yẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Bí oòrùn bá kan àtàrí, mo ti dé. Ajá á dúró."

Ó fi bàtà ti ajá náà sójú ọ̀nà. Ajá ká kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sábẹ́, ó jókòó. Láti ìgbà náà, ohun tó bá jáde kúrò nínú ilé náà láìgba àṣẹ, gbogbo ìlú Ṣakí ni yóò gbọ́.

Àyọ̀ká kò fi àkókò ṣòfò nínú ìbànújẹ́. Ó fọ ọwọ́, ó ṣí aṣọ kúrò lórí tábìlì.

Ẹ̀rọ náà tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìhòòhò: ìfun rẹ̀ aláwọ̀ ewé, okùn rẹ̀ tín-ín-rín, ojú rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kọ̀ǹpútà àgbélétan ni tẹ́lẹ̀, irú èyí tí àwọn òbí àgbà máa ń ká pọ̀ bí ìwé. Súkúrù mẹ́tàlá ló wà lára rẹ̀. Àyọ̀ká fẹ́ràn súkúrù. Súkúrù túmọ̀ sí pé ẹni tó ṣe nǹkan náà gbà pé ẹlòmíì yóò ṣí i lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ àyálò kò ní súkúrù kankan. Ènìyàn á bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì, wọn á wá gbà á padà, gbogbo ohun tí ènìyàn bá ti sọ fún un á sì bá a lọ.

Òjò ni Ìyá Olójò kó sínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ó fi ń jí láràárọ̀, tí ó ń lọ wo ìgò tó rì mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ilé, tí ó ń wọn omi òjò tó wà nínú rẹ̀, tí ó sì ń kọ iye rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà yìí kan náà. Kò sí ẹ̀rọ tuntun tó lè ka ohun tó kọ. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbikíbi. Àwọn àgbẹ̀ Ṣakí kì í gbin àgbàdo láì tíì bi í léèrè, nítorí pé àwọn tí ń ta àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ láti òkè òkun kò mọ̀ pé òjò òkè yàtọ̀ sí òjò odò. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà náà kọ̀ tí kò tàn mọ́, ó gbé e wá sọ́dọ̀ Àyọ̀ká lórí, pẹ̀lú igbá lábẹ́ apá.

Ìfun rẹ̀ kò le láti tún ṣe. Ibi mẹ́ta ni òjé tí wọ́n fi jó o pọ̀ ti já, Àyọ̀ká jó o padà lọ́jọ́ kìíní, tàbí kí a sọ pé lọ́jọ́ òfo. Ó fi awọ ewúrẹ́ so ìdérí igbá mọ́ ìyá rẹ̀, ó sì tẹ́ ojú kọ̀ǹpútà sínú ìdérí náà, tó fi jẹ́ pé bí a bá ṣí igbá, ojú á dìde. Ó fi pákó ìrókò bo ẹnu igbá, ó to bọ́tìnnì èèpo àgbọn sórí rẹ̀. Bọ́tìnnì ti tẹ́lẹ̀ kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Ó gbẹ́ wọn kún un, nítorí kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi kọ òjò Ṣakí láìsí ṣ.

Ooru ló kù. Abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀rọ náà ike ni, ó ti bá ike yòókù lọ. Láìsí afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ náà tàn nínú igbá fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi jẹ ègé iṣu kan, ó sì pa ara rẹ̀. Ó gbọdọ̀ ní ojú ihò nísàlẹ̀, kí atẹ́gùn wọlé níbẹ̀, kó gba etí pákó jáde. Ayùn ló kù, kí a gé e.

Ibẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́rin lọ sí. Àyọ̀ká a mú ayùn, a gbé e sílẹ̀. Igbá náà ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti fín in, alángbá ń lé ara wọn yí i ká, ẹja méjì fẹnu kan ẹnu lábẹ́ wọn, kò sì sí ibì kan tí ọ̀bẹ ẹni tó fín in ti yẹ̀. Ẹni náà ti kú, kò sì sí ẹni tó tún mọ̀ ọ́n fín bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gé igbá, ó ba iṣẹ́ tí kò ní àṣìṣe jẹ́. Bí kò bá gé e, òjò ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta á di bàbà tí kò tó ìka ọwọ́. Láti kékeré ni Àyọ̀ká ti kórìíra ìfiṣòfò. Kò tíì rí ibi tí ìfiṣòfò méjì ti dúró dè é ní ọ̀tún àti òsì rí.

"Àyọ̀ká! Ajá ta ló dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yìí? Díẹ̀ ló kù kí n ta á nípàá."

"Ẹ má ta á nípàá, Ìyá. Ẹ káàbọ̀ o. Ti ìjọba ni."

"Ìjọba wá ń sin ajá tí kò lè jẹ eegun." Ìyá Olójò fi ọ̀pá yẹ ajá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le. "Méjìlá," ni ó wí kí ó tó jókòó.

"Méjìlá kí ni, Ìyá?"

"Òjò àná. Mílímítà méjìlá. Jọ̀ọ́, bá mi kọ ọ́ síbì kan kí n má gbàgbé. Ara ilẹ̀kùn tí mo ń kọ ọ́ sí ti kún."

Àyọ̀ká kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láì bo ohunkóhun: pé òun ti ṣi ọjọ́ kà, pé òní ni ìsán pé, pé Lámidì ń bọ̀ lọ́sàn-án, pé òun kò tíì gé igbá.

Ìyá Olójò kò pariwo. Ó wo igbá náà fún ìgbà díẹ̀. Ẹfun tí Àyọ̀ká fi sàmì sí ibi tí ayùn yóò gbà wà láàárín ẹja méjèèjì.

"Kí ló dé tí o kò tíì gé e?"

"Ó dùn mí, Ìyá."

"Ó dùn ọ́. Igbá ìyá ta ni?"

"Tiyín ni."

"Èmi tí igbá jẹ́ tìyá mi, mo ní kí o gé e. Ìwọ tí kì í ṣe tìyá tìẹ, o ní ó dùn ọ́." Ó na ọ̀pá sí ayùn. "Igbá ni, ọmọ mi. Kì í ṣe orí ènìyàn. Mú un, gé e. Èmi á kọjú sí ògiri."

Ó sì kọjú sí ògiri lóòótọ́.

Àyọ̀ká dojú igbá dé lé itan rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì di ìdí rẹ̀ mú kó má yí. Àtàǹpàkò rẹ̀ bá nǹkan kan tó ga díẹ̀, tó rí gbọọrọ, ó sì dúró.

Ó mọ ohun náà. Láti ọjọ́ kìíní ni ó ti mọ̀ ọ́n. Ojú rírán kan ni, láti ìdí igbá títí dé ìdajì ẹ̀gbẹ́, níbi tí igbá ti là rí tí wọ́n sì rán an pọ̀. Èéfín àti ìda oyin ti bò ó tó fi dúdú. Nínú ìwé rẹ̀, Àyọ̀ká ti kọ ọ́ pé: *ibi tí kò lágbára, má fọwọ́ kàn án*. Ó sì ṣe bí ó ti kọ ọ́. Gbogbo ọjọ́ mẹ́rin tí ó fi ń wá ibi tí yóò gé, ojú rẹ̀ ń fo ibẹ̀.

"Ìyá, ta ló rán igbá yìí?"

"O kò gé e síbẹ̀!"

"Ẹ jọ̀wọ́. Ta ló rán an?"

"Ìyá ọkọ ìyá mi ni. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n gbé ìyá mi wọlé ọkọ tí ó fi já igbá náà bọ́. Ẹ̀wà ló wà nínú rẹ̀. Ó rò pé wọ́n á bá òun jà. Ìyá ọkọ rẹ̀ kó ẹ̀wà nílẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́, ó ní ilé tí igbá kò bá tíì fọ́, wọn kò tíì jẹun yó níbẹ̀." Ìyá Olójò yíjú padà. "Kí ló dé?"

"Ó ti là tẹ́lẹ̀," ni Àyọ̀ká wí. Ó ti gbé ayùn sílẹ̀, ó ti ń wá abẹ́ kékeré. "Kò sí ìdí tí a ó fi tún là á."

Ó fi iná gbóná díẹ̀ yọ́ ìda kúrò. Ó gé okùn náà níbi kan, ó ń fi ẹnu abẹ́ fà á jáde, ihò kan tẹ̀lé òmíràn. Okùn náà ń dán lábẹ́ èéfín. Kò jẹrà, kò já. Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní àkókò ìyanu. Ó wé e mọ́ ìṣó kan, ó sì jù ú sínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀, nítorí okùn tó gùn tó báyẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dà nù.

Nígbà tí okùn tán, ojú rírán náà là díẹ̀, ó tó kí èékánná wọ̀ ọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì ni ihò abẹ́rẹ́ tò sí, méjìlélógójì, kékeré, kékeré. Àyọ̀ká gbé e sójú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ wọ inú igbá náà bí ìgbà tí òjò bá ń kán láti òrùlé tó jò. Ó mú okùn bàbà láti ara wáyà àtijọ́, ó rán ibẹ̀ níbi mẹ́ta péré kí ó má baà là jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó to ìfun ẹ̀rọ sínú rẹ̀, ó de pákó mọ́ ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú súkúrù mẹ́rin nínú mẹ́tàlá. Mẹ́sàn-án yòókù lọ sínú agolo. Ó gbé igbá náà lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lórí tábìlì, ó tan iná oòrùn sí i, àwọn méjèèjì sì jókòó tì í.

"Ègé iṣu kan," ni Àyọ̀ká wí lábẹ́ ohùn.

"Iṣu wo?"

"Ìgbà tó fi ń tàn tẹ́lẹ̀ kí ó tó kú."

"Ebi ń pa mí, má dá ọ̀rọ̀ iṣu sílẹ̀."

Ìgbà ègé iṣu kan kọjá. Ti ègé méjì kọjá. Àyọ̀ká na ọwọ́ sí etí pákó, atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń fẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí èémí ọmọ tó sùn. Ó padà sórí ìjókòó rẹ̀, ó mú sanpépà, ó parí ṣ, ó sì fi oje igi lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀.

Oòrùn kan àtàrí. Lámidì dé, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ìyá Olójò, ẹ kúulé o. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti yá?"

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Lámidì fi ẹsẹ̀ mi ajá náà, ó jí. Ó gbé e sórí tábìlì. Ajá náà fi imú gún ìdérí, ó dákẹ́. Ó gòkè sórí pákó, ó gbóòórùn bọ́tìnnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ díẹ̀ lórí ṣ nítorí oje tútù, ó dákẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀, ó na imú sí ojú rírán tó wà nísàlẹ̀, ó fà á sínú gan-an, ó dákẹ́. Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Nígbà náà ni ajá yípo, ó kọjú sí Àyọ̀ká fúnra rẹ̀, ó sì gbó lẹ́ẹ̀mẹta, kíkan kíkan. Ìyẹn kì í ṣe ìkíni.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Lámidì wí. Ẹ̀pà dúró lẹ́nu rẹ̀.

"Kò sí ike lára mi."

Ajá náà na imú sí àpò épírọ́ọ̀nù, ó tún gbó. Àyọ̀ká ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ìṣó náà jáde pẹ̀lú okùn tó wé mọ́ ọn. Lámidì gbà á, ó fi èékánná ha èéfín kúrò lára rẹ̀. Abẹ́ èéfín náà funfun, ó sì ń dán bí omi.

"Okùn ọ̀rá nìyí, ike ni. Èyí tí àwọn apẹja àtijọ́ máa ń so mọ́ ìwọ̀. Níbo lẹ ti rí i?"

"Òun ni wọ́n fi rán igbá náà," ni Àyọ̀ká wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo tú u láàárọ̀ yìí."

Kálukú wọn ń rò ó. Bí ayùn bá ti gba àárín ẹja méjèèjì bí ẹfun ti wí, okùn ọ̀rá náà ì bá ṣì wà nídìí igbá, ajá ì bá rí i, iṣẹ́ Ọ̀yọ́ ì bá bàjẹ́, òjò ì bá sì tún lọ sí Ilé Yíyọ́.

Ìyá Olójò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá ọkọ ìyá mi! Mo rò pé òwú ni láti ọjọ́ yìí. Ọmọ apẹja ni òun náà, mo ti gbàgbé."

"Kò sí lára ẹ̀rọ," ni Lámidì wí, bí ẹni tó ń ka ìwé fún ara rẹ̀. "Inú àpò ló wà. Òfin kò ní kí n mú ẹ̀rọ nítorí ohun tó wà nínú àpò. Ṣùgbọ́n mo gbọdọ̀ mú okùn yìí lọ, Ìyá. Ẹ má bínú."

"Mú un lọ. Ó ti ṣiṣẹ́ tó. Fún Àyọ̀ká ní ìṣó rẹ̀, kí ó má bàa ṣàìsàn."

Àyọ̀ká gba ìṣó náà, ó sì dá a padà sínú agolo. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò bínú.

Wọ́n padà sídìí igbá. Ojú ẹ̀rọ ṣì ń tàn nínú ìdérí. Ọjọ́ tó kọ síbẹ̀ ni ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ní ọdún kan tí a kò tíì bí Ìyá Olójò pàápàá, nítorí bátìrì kékeré tí ń bá ẹ̀rọ náà rántí ọjọ́ ti kú. Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọjọ́ náà ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì.

"Ọjọ́ wo la wà?" ni ó bi Lámidì. "Ẹ bá mi kà á. Mi ò fọkàn tán ara mi lónìí."

Lámidì sọ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sí i. Òjò sì jáde, ìlà lórí ìlà, ọdún lórí ọdún, kò sí èyí tó sọnù. Ìyá Olójò fa àga súnmọ́ ọn. Ó fi ìka méjì tẹ òjò ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ó ti kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé, láìwo ìwé. Bọ́tìnnì èèpo àgbọn ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Ó tẹ méjìlá gbẹ̀yìn.

"Ó dá yín lóhùn," ni Lámidì wí. Ó yọ ìwé rẹ̀ jáde. "Ó ku orúkọ. Kí ni kí n pè é? Kọ̀ǹpútà, àbí ẹ̀rọ ìṣirò òjò?"

"Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ó ṣe bá a pè é," ni Ìyá Olójò dáhùn. "Igbá ni. Kọ igbá."

Ó kọ igbá. Ó lu òǹtẹ̀ sí i. Ó gbé ajá rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó sì dúró.

"Ìyá."

"Ọmọ mi."

"Bàbá mi ti ro ilẹ̀ tán. Òjò àná yìí wù ú. Ó fẹ́ gbin àgbàdo sí i lọ́la."

Ìyá Olójò yíjú padà sí igbá. Ó tẹ bọ́tìnnì díẹ̀, ó fa ìlà sókè sódò, ó ń ka nǹkan lẹ́nu. "Ọdún mẹ́jọ ni òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, tó tètè dé, tó sì pọ̀. Nínú mẹ́jọ, mẹ́fà ni ọ̀dá tẹ̀ lé. Sọ fún bàbá rẹ kó ní sùúrù. Kó dúró di ọrún méjì, tí í ṣe ìsán kan, kó tó gbin nǹkankan."

"Ẹ ṣeun, Ìyá." Lámidì wọ bàtà kejì. Ó wo Àyọ̀ká láti igun ojú. "Ọrún méjì. Ṣé òní la ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, Ẹ̀gbọ́n, àbí òfo ni òní?"

Àyọ̀ká ti rin aṣọ ìnuwọ́ nínú omi. Ó nu ìlà Ìyá Olójò kúrò lára ògiri, láti orí òrùka títí dé àmì kẹjọ. Lórí pákó òfo, kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ti télọ̀ kan ń dúró de àpótí onígi tí yóò wọ̀. Ó mú ẹfun. Ó fa àmì gbọọrọ kan ṣoṣo, tó dúró ṣánṣán, sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun.

"Òní ni ení," ni ó wí, ó sì na ọwọ́ mú súkúrù àkọ́kọ́.